Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ìbò 2015 tó wáyé: ohun tí sọ́jà rí ṣe ní Maiduguri, àti ohun tí wọn ò rí ṣe

Lálẹ́ Sátidé, ọjọ́ 7, oṣù Kejì, ọdún 2015, nígbà tí ìbò ààrẹ ku ọ̀sẹ̀ kan péré, alága àjọ INEC nígbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Attahiru Jega, bọ́ síwájú àwọn akọ̀ròyìn l'Ábújá. Ó ní ìbò ò ní lè wáyé mọ́ lọ́jọ́ 14 oṣù náà. Wọ́n sún un sí ọjọ́ 28, oṣù Kẹta. Ìbò gómìnà, tó yẹ kó wáyé lọ́jọ́ 28, oṣù Kejì, bọ́ sí ọjọ́ 11, oṣù Kẹrin. Láti Badagry títí dé Sokoto, kò síbi tí wọn ò ti jiyàn lórí ẹ̀. Àwọn kan ní ẹ̀rù ló ń ba ìjọba, wọ́n fẹ́ fi àkókò ra ẹ̀mí. Àwọn kan ní ẹ̀mí èèyàn ju ìbò lọ.

Ohun tí Jega sọ ò lọ́jú pọ̀. Ó ní INEC ti ṣetán ní tiwọn. Àmọ́ lẹ́tà kan ti dé látọ̀dọ̀ olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò, Sambo Dasuki, pé àwọn ológun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá kan lápá ìlà oòrùn àríwá, iṣẹ́ náà á gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó kéré tán, àti pé láàárín àsìkò yẹn, wọn ò ní ráyè ran INEC lọ́wọ́. Ìpínlẹ̀ mẹ́rin lọ̀rọ̀ náà kàn jù: Borno, Yobe, Adamawa àti Gombe. Ìlú tí gbogbo ẹ̀ sì ń yí po ni Maiduguri, olú ìlú Borno.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá báyìí. Ìbò náà ti wáyé, ẹni tó máa wọlé ti wọlé, ẹni tó máa kí i kú oríire ti kí i. Ìbéèrè tó ṣẹ́kù ni pé kí ni sọ́jà lè ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nínú ìlú tí ogun ti ń jà fún ọdún mẹ́fà?

Bí ogun ṣe dé Maiduguri

Maiduguri ni Boko Haram ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni Mohammed Yusuf ti ń wàásù, ibẹ̀ náà ni rògbòdìyàn ti bẹ́ sílẹ̀ lóṣù Keje, ọdún 2009, tí Yusuf fúnra ẹ̀ sì kú sọ́wọ́ ọlọ́pàá. Nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ padà dé lábẹ́ Abubakar Shekau, inú ìgboro ni wọ́n ti ń yìnbọn pa ọlọ́pàá, àlùfáà, olóṣèlú àti baálẹ̀ àdúgbò. Lọ́jọ́ 14, oṣù Karùn-ún, ọdún 2013, Ààrẹ Goodluck Jonathan kéde ìlú-ò-fararọ ní Borno, Yobe àti Adamawa. Wọ́n kó sọ́jà rẹpẹtẹ wọ̀lú. Wọ́n tiẹ̀ gé fóònù kúrò ní Borno fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Kì í ṣe sọ́jà nìkan ló lé àwọn agbésùmọ̀mí náà kúrò nígboro o. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ló mú igi àti àdá, tí wọ́n ń tọ́ka àwọn tí wọ́n mọ̀ pé ọmọ ẹgbẹ́ náà ni fún àwọn ológun. Àwọn la mọ̀ sí Civilian JTF. Ìdí tí wọ́n fi wúlò ò ju ẹyọ kan lọ: sọ́jà tó ti Benue tàbí Ọ̀yọ́ wá ò lè mọ ọmọ ta ló ń gbé ilé wo, ọmọ àdúgbò mọ̀ ọ́n, ó sì gbọ́ èdè Kanuri. Ní oṣù mélòó kan, ìgboro Maiduguri fúyẹ́. Àmọ́ àwọn tí wọ́n lé jáde ò kúrò ní Borno. Inú igbó Sambisa àti àwọn abúlé ni wọ́n forí lé, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ lábúlé burú ju ti ìgboro lọ.

Ọdún 2014 ni nǹkan wá dojú rú pátápátá. Lọ́jọ́ 14, oṣù Kẹta, wọ́n kọlu bárékè Giwa láàárín Maiduguri, wọ́n tú àwọn tó wà látìmọ́lé sílẹ̀. Àjọ Amnesty International ní ó lé ní 600 èèyàn tó kú lọ́jọ́ náà, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ àwọn tó sá jáde tí sọ́jà tún mú padà. Oṣù kan gééré lẹ́yìn náà, wọ́n kó ọmọbìnrin 276 lọ ní Chibok. Lóṣù Kẹjọ, Gwoza bọ́ sí wọn lọ́wọ́, Shekau sì ní abẹ́ ìjọba tòun ló wà báyìí. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án ló kan Bama, ìlú ńlá tó wà ní nǹkan bí 70 kìlómítà sí Maiduguri. Bí ìlú kan bá ti bọ́, àwọn ará ibẹ̀ á dì kìtìkìtì, ó di Maiduguri. Ilé ẹ̀kọ́ di àgọ́ ogúnléndé, ọ̀pọ̀ sì ń gbé lọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí, èèyàn mẹ́wàá mẹ́wàá nínú yàrá kan.

Inú àwọn sọ́jà gan-an ò dùn nígbà náà. Lóṣù Karùn-ún ọdún yẹn, lẹ́yìn tí wọ́n dènà de àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lójú ọ̀nà Chibok, àwọn sọ́jà kan yìnbọn sí mọ́tò ọ̀gá wọn nínú bárékè Maimalari ní Maiduguri. Ilé ẹjọ́ àwọn ológun dájọ́ ikú fún 12 lórí ọ̀rọ̀ náà. Lóṣù Kejìlá, wọ́n tún dá irú ẹ̀ fún sọ́jà 54 tí wọ́n ní wọ́n kọ̀ láti lọ gba àwọn ìlú kan padà. Agbẹjọ́rò wọn, Femi Falana, ọmọ Èkìtì, ní wọn ò fún àwọn ọmọ náà ní ohun ìjà tó ká ojú ogun. Lẹ́yìn tí ìjọba yí padà ni wọ́n sọ ìdájọ́ ikú wọn di ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà fi lè yí nǹkan padà, kó fi ọ̀rọ̀ ohun ìjà yìí sọ́kàn.

Sọ́ńdè méjì

Nígbà tí ọdún 2015 wọlé, ó jọ pé Maiduguri ló kàn. Lọ́jọ́ 10, oṣù Kínní, bọ́ǹbù tí wọ́n so mọ́ ọmọbìnrin kékeré kan lára bú gbàù lẹ́nu ọ̀nà ọjà tí wọ́n ń pè ní Monday Market. Àwọn tó ríran rí i ní ọmọ náà ò ju bí ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Lọ́jọ́ 24, Jonathan wá polongo ìbò nílùú náà. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, tí í ṣe Sọ́ńdè, Boko Haram ya lu Maiduguri. Sọ́jà àti Civilian JTF lé wọn padà, àmọ́ lọ́jọ́ kan náà, wọ́n gba Monguno níhà àríwá, bárékè àti gbogbo ẹ̀. Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ 1, oṣù Kejì, wọ́n tún padà wá. Wọ́n tún lé wọn.

Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé kò síjà nílẹ̀ tí wọ́n fi sún ìbò síwájú, irọ́ ló pa. Ìjà wà. Ohun tó ń kọ àwọn èèyàn lóminú ni pé ìdí tí Dasuki kọ́kọ́ sọ yàtọ̀. Lọ́jọ́ 22, oṣù Kínní, ó ti sọ ní Chatham House nílùú London pé ó yẹ kí wọ́n sún ìbò náà síwájú, àmọ́ káàdì ìdìbò alálòpẹ́ ló fi ṣe ìdí lọ́jọ́ náà, pé ọ̀pọ̀ èèyàn ò tíì rí tiwọn gbà. Òótọ́ wà nínú ẹ̀: nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù 68.8 tó forúkọ sílẹ̀, nǹkan bíi mílíọ̀nù 45.8 ló ti gba káàdì nígbà tí Jega sọ̀rọ̀. Àmọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀rọ̀ káàdì ti di ọ̀rọ̀ ogun. Ẹgbẹ́ APC ní wọ́n kàn ń wá ìdí ni. Ìjọba ní kò sóhun tó jọ ọ́.

Ká má gbàgbé pé INEC ò ní sọ́jà, kò ní ọlọ́pàá. Bí àwọn tó ni ìbọn bá ti kọ̀wé pé àwọn ò lè dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìbò, ta ni alága INEC máa rán lọ? Ọdún mẹ́rin péré ni wọ́n pa àwọn àgùnbánirọ̀ mẹ́wàá ní Bauchi lẹ́yìn ìbò 2011, ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lára àwọn òbí nílẹ̀ Yorùbá. Jega ní òun ò ní lè fi ẹ̀mí àwọn ọ̀dọ́ wewu. Òfin ò lòdì sí i, nítorí ọjọ́ tuntun náà ṣì ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ sí ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún tí ìjọba tuntun gbọ́dọ̀ gbàṣẹ.

Bí wọ́n ṣe gba àwọn ìlú padà

Iṣẹ́ náà ò bẹ̀rẹ̀ láti inú Maiduguri jáde bí èèyàn ṣe lè rò. Ìta ni wọ́n ti ń bọ̀ wálé. Lọ́jọ́ 3, oṣù Kejì, kí Jega tó kéde rárá, àwọn sọ́jà orílẹ̀-èdè Chad ti sọdá ẹnubodè Cameroon wọ Gamboru. Ní ìparí oṣù Kínní, Ìṣọ̀kan Áfíríkà ti fọwọ́ sí ẹgbẹ́ ọmọ ogun 7,500 látọ̀dọ̀ Nàìjíríà àti àwọn aládùúgbò ẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kẹta, Chad àti Niger jọ wọlé láti àríwá, wọ́n gba Damasak. Fún Nàìjíríà, tó ti ń pe ara ẹ̀ ní baba ìsàlẹ̀ fún gbogbo ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, ọ̀rọ̀ náà ò dùn ún gbọ́ létí. Àwọn aláṣẹ ológun ilẹ̀ wa ò fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ Chad nínú ìròyìn tí wọ́n ń gbé jáde.

Àwọn sọ́jà Nàìjíríà náà gbéra. Wọ́n gba Monguno padà lọ́jọ́ 16, oṣù Kejì, wọ́n gba Baga lọ́jọ́ 21, wọ́n gba Bama lọ́jọ́ 16, oṣù Kẹta. Lọ́jọ́ 27, oṣù Kẹta, tí ìbò ku ọ̀la, iléeṣẹ́ ológun kéde pé Gwoza ti bọ́ sáwọn lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ìròyìn yẹn tí kò mọ̀ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ lé ọjọ́ náà bá ni.

Kí ló yí padà? Àkọ́kọ́, ohun ìjà tuntun dé: ọkọ̀ ogun onírin, bàálù hẹlikọ́pítà. Ìjọba ti ń wá a kiri tipẹ́, débi pé lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, wọ́n gba mílíọ̀nù 9.3 dọ́là owó tútù tí wọ́n gbé wọ bàálù láti Àbújá lọ sí South Africa, tí ìjọba wa sì ní owó ohun ìjà ni. Ìkejì, àwọn sọ́jà àgbàṣe wọlé láti South Africa. Jonathan sọ fún Voice of America lóṣù Kẹta pé ilé iṣẹ́ méjì ló rán olùkọ́ àti onímọ̀ ẹ̀rọ wá. Àwọn akọ̀ròyìn òkèèrè ní wọ́n ṣe ju ìkọ́ni lọ, pé wọ́n ń jà lóru. Eeben Barlow, tó jẹ́ olórí ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ náà, padà jẹ́wọ́ ní gbangba pé àwọn kọ́ ẹgbẹ́ ọmọ ogun Nàìjíríà kan ní ìjà akọluni, pé àwọn sì bá wọn dé ojú ogun. Ìkẹta, Boko Haram gan-an ti na ọwọ́ jù. Ó rọrùn fún wọn láti kọlu ìlú kí wọ́n sì sá lọ. Kí wọ́n jókòó ti ogún ìlú, kí wọ́n máa ṣọ́ gbogbo ẹ̀, ìyẹn ni kò ṣeé ṣe fún wọn nígbà tí ọ̀tá ti yọ láti ìhà mẹ́ta.

Àwọn tó ń bínú sí ìjọba bi ara wọn pé, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá tó ṣe gbogbo èyí, kí ni wọ́n ń ṣe látọdún 2013? Ìbéèrè náà ò burú. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún 2015, wọ́n mú Dasuki lórí ẹ̀sùn pé wọ́n pín owó tó yẹ kí wọ́n fi ra ohun ìjà. Ó ní òun ò jẹ̀bi.

Maiduguri ní tiẹ̀ ò sinmi láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà. Lọ́jọ́ 7, oṣù Kẹta, bọ́ǹbù bú léraléra nínú ìlú, nínú Monday Market àti nínú ọjà ẹja Baga. Ó lé ní 50 èèyàn tó kú. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Shekau gbé ohùn jáde pé òun ti wà lábẹ́ àwọn ISIS. Ìyẹn ni pé bí wọ́n ṣe ń pàdánù ìlú lẹ́yìn odi, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń rán bọ́ǹbù wọlé. Ọkọ̀ ogun ò lè dá ìyẹn dúró. Àwọn ọmọ Civilian JTF tó ń tú aṣọ àti àpò wò lẹ́nu ọ̀nà ọjà ló ń dá a dúró, ẹ̀mí wọn ni wọ́n sì fi ń ṣe é.

Níbo ni ará Gwoza máa dìbò sí?

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá kan òfin rèé. Ní Nàìjíríà, ibùdó tó o ti forúkọ sílẹ̀ lo ti máa dìbò. Ará Gwoza gbọ́dọ̀ lọ sí Gwoza. Àmọ́ Gwoza wà lọ́wọ́ Boko Haram títí di ọjọ́ tó ṣáájú ìbò, kò sì sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tó máa tò sórí ìlà. Ní gbogbo apá ìlà oòrùn àríwá, ó lé ní mílíọ̀nù kan èèyàn tí ogun ti lé kúrò nílé.

Ohun tí INEC ṣe ni pé wọ́n gbé ibùdó ìdìbò wọ inú àgọ́ àti àwọn ibi tó láàbò ní Maiduguri. Àwọn ará Bama dìbò ní Maiduguri bí ẹni pé Bama ni wọ́n wà, bẹ́ẹ̀ náà ni ti Gwoza àti àwọn yòókù. Káàdì wọn ni wọ́n fi dá wọn mọ̀. Nínú àtúnṣe òfin ìbò tọdún 2015, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé INEC gbọ́dọ̀ sa gbogbo ipá ẹ̀ kí wọ́n má baà fi ẹ̀tọ́ ìdìbò du ẹni tí ìjàǹbá lé kúrò nílé. Àmọ́ àwọn tó wà nínú ìpínlẹ̀ wọn nìkan ni ètò náà wà fún. Ará Borno tó ti sá dé Àbújá, Jos tàbí òkè ẹnubodè ò rí ìbò dì.

Lọ́jọ́ 28, oṣù Kẹta, wọ́n ti ti ẹnubodè ilẹ̀ pa káàkiri Nàìjíríà. Ìròyìn tó ń ti Maiduguri jáde lọ́jọ́ náà yà ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu: ìlà gígùn, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀, àwọn ìyá tó pọnmọ nínú oòrùn, tí wọ́n dúró de ẹ̀rọ tuntun tó ń yẹ káàdì wò, èyí tó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà máa lò ó fún ìbò ààrẹ. Kò sí bọ́ǹbù nínú ìlú lórí ìlà ìbò. Lẹ́yìn odi, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, wọ́n wọ abúlé Buratai ní gúúsù Borno, wọ́n pa ó lé ní 20 èèyàn. Ní Gombe, wọ́n yìnbọn sáwọn tó wá dìbò, àwọn kan kú.

Nígbà tí wọ́n ka ìbò Borno, Muhammadu Buhari ní 473,543, Jonathan ní 25,640. Bí èèyàn bá pa méjèèjì pọ̀, kò pé 500,000, nínú ìpínlẹ̀ tí àwọn tó forúkọ sílẹ̀ sún mọ́ mílíọ̀nù méjì. Nọ́ńbà yìí ló sọ ìtàn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà ju ìròyìn ológun lọ. Sọ́jà gba àyè tó tó kí ìlú kan lè dìbò, kí àwọn tó sá wá sínú ẹ̀ sì dì í. Wọn ò gba àyè tó tó kí ìpínlẹ̀ kan dì í. Ní gbogbo Nàìjíríà, Buhari ní 15,424,921, Jonathan ní 12,853,162, ó sì pe Buhari lórí fóònù lọ́jọ́ 31, oṣù Kẹta, kí wọ́n tó kà á tán.

Ọ̀rọ̀ sọ́jà àti àpótí ìbò

Àwọn olùgbọ́ ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn ní ìdí tiwọn tí wọ́n fi ń ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ sọ́jà nígbà ìbò. Nínú ìbò gómìnà Èkìtì lóṣù Kẹfà ọdún 2014 àti ti Ọ̀ṣun lóṣù Kẹjọ, sọ́jà pọ̀ lójú títì débi pé àwọn ẹgbẹ́ alátakò ní ìdẹ́rùbani ni. Lóṣù Kínní ọdún 2015, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ kan ní Sokoto dájọ́ pé kò bófin mu kí ààrẹ kó sọ́jà lọ síbi ìbò. Ibi tí Maiduguri ti yàtọ̀ nìyí. Ní Adó-Èkìtì, kò sógun. Ní Maiduguri, bí sọ́jà bá kúrò lójú ọ̀nà Bama fún wákàtí méjì, ìbò tán nìyẹn. Èèyàn lè fara mọ́ èkejì láì fara mọ́ èkíní.

Ohun tó kù nílẹ̀

Ogun ò parí lọ́jọ́ ìbò. Nígbà tí Buhari gbàṣẹ lọ́jọ́ 29, oṣù Karùn-ún, bọ́ǹbù tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní Maiduguri. Ó ní kí ibùdó àṣẹ àwọn ológun kúrò l'Ábújá lọ síbẹ̀. Síbẹ̀, lọ́jọ́ 20, oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, ó lé ní 100 èèyàn tí bọ́ǹbù pa nínú ìlú náà lálẹ́ ọjọ́ kan. Lóṣù Kẹfà, Amnesty ti gbé ìwé jáde pé láti 2011, ó lé ní 7,000 ọ̀dọ́mọkùnrin àti ọmọdékùnrin tó ti kú sí àtìmọ́lé àwọn ológun lápá ibẹ̀. Iye àwọn yẹn ò sí nínú ìròyìn ìlú tí wọ́n gbà padà, àmọ́ ara ohun tó ná Borno ni.

Ìlú tí wọ́n gbà padà ò di ilé padà kíákíá. Bama ti jóná, Gwoza ti ṣófo, ojú ọ̀nà kún fún bọ́ǹbù ilẹ̀. Nígbà tí ìbò 2019 dé, tí INEC tún sún síwájú láti ọjọ́ 16 sí ọjọ́ 23, oṣù Kejì (ìṣòro kíkó ẹrù ìbò ni wọ́n sọ lọ́tẹ̀ yìí), ìbúgbàù dún ní Maiduguri láàárọ̀ ọjọ́ ìbò kí wọ́n tó ṣí àwọn ibùdó. Àwọn èèyàn jáde lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n lọ tò. INEC tún ní láti ṣètò ibùdó fún àwọn ogúnléndé, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó dìbò nínú àgọ́ lọ́dún 2015 ṣì wà nínú àgọ́.

Lọ́dún 2021, Gómìnà Babagana Zulum pàṣẹ pé kí wọ́n ti gbogbo àgọ́ tó wà nínú Maiduguri pa, kó tó di òpin ọdún náà, kí àwọn èèyàn máa padà sílé wọn. Àwọn kan padà. Àwọn mìíràn gba yàrá nínú ìgboro, wọ́n ní ọ̀nà oko àwọn ò tíì ṣeé rìn.